Àga Kẹtàlá ní Kíláàsì Àwọn Olóye

                                        Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá.

Àbúrò mi àtàtà, Ìyá Kílófàá,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ agbẹ̀bí tí o lọ kọ́ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó máa ń wú bí o bá dúró pẹ́ ti ń sàn? Ìyàwó mi ní kí n sọ fún ọ pé kí o máa gbé e lé orí ìrọ̀rí bí o bá ti ti wọ́ọ̀dù dé, kí o má sì wí fún òun pé o ò ráyè. Àwa náà wà. Ayùn ò tíì gé mi lọ́wọ́ lóṣù yìí, ẹ̀yìn tó ń dùn mí ti rọlẹ̀, ibi tí òrùlé ti ń jò sórí pákó mi, mo ti dí i. Ọmọ rẹ ò ṣàìsàn. Ó ń jẹun, ó ń ga, bàtà tí o rà fún un kí o tó lọ ti ń fún un lẹ́sẹ̀.

Bí o bá wà lórí ìdúró, wá nǹkan fìdí lé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ikú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àrùn. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé wa ni, mi ò sì lè sọ ọ́ ní gbólóhùn kan.

O mọ ọ̀gá ilé ìwé ọmọ rẹ, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màdáámù Rúlà torí pé rúlà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Lóṣù tó kọjá ló ránṣẹ́ pè mí. Ó ní àwọn fẹ́ ṣí kíláàsì pàtàkì fún àwọn ọmọ tí orí wọn pé ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ, kí n kan àga méjìlá àti tábìlì méjìlá. Mo ní, ó mà dára o, ẹ ti rí ọmọ méjìlá? Ó wò mí bí ẹni ń wo ìṣó tó ti tẹ̀. Ó ní àwọn ò tíì dán wọn wò. Mo ní, báwo lẹ ṣe wá mọ̀ pé méjìlá ni wọ́n? Ó ní méjìlá ni yàrá náà gbà. Àbúrò mi, ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ káfíńtà, mi ò mọ̀ pé èmi ni mò ń pín òye fún ọmọ aráyé. Ká ní mo dín ìbú tábìlì kù díẹ̀ ni, ọmọ méjì sí i ì bá di olóye lọ́sẹ̀ yẹn.

Wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn tíṣà ní fọ́ọ̀mù kan tí wọn ó máa fàmì sí. Tíṣà Kílófàá gbàgbé tiẹ̀ sórí tábìlì tí mò ń wọ̀n, mo bá kà á. "Ọmọ olóye máa ń jókòó jẹ́ẹ́. Ìwé rẹ̀ máa ń mọ́ tónítóní. Kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu olùkọ́." Níwájú orúkọ ọmọ wa, àmì "kò rí bẹ́ẹ̀" mẹ́ta ló tò síbẹ̀ gbọọrọ. Ọmọ tí ìwọ fúnra rẹ sọ ní Kílófàá nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, torí pé kò jẹ́ ká sinmi pẹ̀lú "kí ló fà á? kí ló fà á?", kò sí àyè àmì kankan fún ìyẹn nínú fọ́ọ̀mù wọn. Bí jíjókòó jẹ́ẹ́ bá jẹ́ àmì òye, àga tí mo kàn ló yẹ kí wọ́n mú, kí àwọn ọmọ máa lọ sílé.

Ṣé o sì mọ ohun tí tíṣà yìí máa ń ṣe fún ọmọ tó bá kọ́kọ́ parí iṣẹ́? Á ní kó nu bọ́ọ̀dù. Tó bá nù ún tán, kó pín ìwé. Tó bá pín in tán, kó lọ ṣa bébà nílẹ̀ níta. Ọmọ rẹ sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀ pé òun ti ń rọra ṣírò báyìí kí wọ́n má baà rán òun níṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín.

Wọ́n wá ṣe ìdánwò. Kílófàá ṣe ipò kẹtàlá. Máàkì kan ṣoṣo ni ẹni kejìlá fi jù ú. Mo ní kó gbé ìwé náà wá kí n wò ó, ni mo bá rí i. Ìbéèrè náà lọ báyìí: káfíńtà kan fẹ́ gé pákó kan sí ègé márùn-ún, ìṣẹ́jú méjì ló fi ń gé e lẹ́ẹ̀kan, ìṣẹ́jú mélòó ni yóò fi gé e tán? Ọmọ rẹ kọ mẹ́jọ. Wọ́n fi bírò pupa fà á já, wọ́n kọ mẹ́wàá síbẹ̀. Ọmọ tó dàgbà sínú ariwo ayùn mi mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹrin lèèyàn ń gé pákó kó tó di márùn-ún, èyí tó kù ti di ègé fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi ni wọ́n fi bi í, wọ́n tún ṣì í mú.

Mo gbé pákó kan àti ayùn, ó di ilé ìwé. Ìyàwó mi ní òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. Mo ní kì í ṣe ẹyẹ ni mo fẹ́ pa. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, mo fi pákó dábùú orí àga méjì, mo ní kí Màdáámù Rúlà bá mi kà á. Mo gé e lẹ́ẹ̀mẹrin, ègé márùn-ún wà lórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Tíṣà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà fọwọ́ bo ẹnu. Màdáámù ń wo lẹ́búlẹ́bú igi tó dà sílẹ̀.

Ó ní, "Káfíńtà, ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ gé e torí pé iṣẹ́ yín ni. Èyí tí a béèrè, ìṣirò ni."

Mo fi ìyá tó bí wa búra, ohun tó sọ nìyẹn. Ó tún ní láti òkè ni ìwé ìdáhùn ti wá, "ta ni èmi tí màá tún un ṣe?" Àti pé ká tiẹ̀ ní òun fún un ní máàkì, wọn á di mẹ́tàlá, àga ò sì sí.

Mo padà sílé, mo kan àga kẹtàlá. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é, mo sì fi orí ru ú lọ. Màdáámù jókòó lé e, ó mì í síwá sẹ́yìn, ó ní ó le dáadáa. Àánú wá ṣe é. Ó ní òun yóò jẹ́ kí ọmọ náà tún ìbéèrè ẹyọ kan yẹn ṣe lọ́jọ́ Ẹtì, lójú òun. Bó bá bá ìwé ìdáhùn mu, ó ti wọlé. Bó bá tún jẹ́ mẹ́jọ ló kọ, òun á mọ̀ pé olórí kunkun ni, orí kunkun kì í sì í ṣe òye.

Lọ́jọ́bọ̀, ọmọ rẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi sáńpépà ra ẹsẹ̀ àga. Ó ní, "Bàbá, mẹ́jọ kọ́ ni?"

Mo ní mẹ́jọ ni.

"Ṣé kí n wá kọ mẹ́jọ?"

Mo rántí bọ́ọ̀dù tó ń nù. Mo rántí àga tí mo ti kàn. Mo ní, "Kọ mẹ́wàá."

Ó ní, "Kí ló fà á?"

Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń gbé lọ́dọ̀ mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó béèrè ọ̀rọ̀ tí mi ò dá a lóhùn.

Ó kọ mẹ́wàá. Ó ti wọlé. Wọ́n ti lẹ báàjì mọ́ ọn láyà, ó sì ti lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. O ò ní ṣàì béèrè ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀. Ìwé kan náà tí àwọn yòókù ń kà ni, bírò búlúù ni wọ́n kàn fi ń kọ tiwọn. Ìwé tuntun wà lórí pẹpẹ kan tí wọ́n tún ní kí n kàn, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi kó o wá, wọn ò gbọdọ̀ tú u kó má baà dọ̀tí kí àlejò tó wá wò ó. Òye ọmọ wà nílẹ̀, ọ̀rá ni wọ́n ń tọ́jú. Ojú ò tilẹ̀ tì wọ́n.

Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò nìyí. Lánàá, mo fẹ́ gé igi kan. Mo bi ọmọ rẹ bí mo ṣe máa ń bi í pé, bí mo bá fẹ́ ègé mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀melòó ni màá gé e? Tẹ́lẹ̀, mi ò ní tíì sọ ọ́ tán kó tó dáhùn. Ó wo igi náà. Ó wo ojú mi. Ó ní, "Bàbá, èwo lẹ fẹ́?"

Mo gbé ayùn sílẹ̀, mi ò ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà ni mo fọwọ́ ara mi tẹ orí ọmọ rẹ wọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí ni mo ti ń bú Màdáámù Rúlà, mi ò sì tíì bú u tó. Ṣùgbọ́n òun ò gbà pé mẹ́jọ ni. Èmi mọ̀. Má bínú sí mi, tàbí kí o bínú, ó tọ́ sí mi.

Lọ́la Mọ́ńdè, èmi àti ọmọ rẹ jọ ń lọ. Yóò kọ mẹ́jọ síwájú wọn. Bí wọ́n bá lé e, màá gbé àga mi sórí padà wálé, yóò máa jókòó lé e ní ṣọ́ọ̀bù títí ìwọ yóò fi sọ ilé ìwé tí ó kàn. Tètè fèsì.

Bá mi kí àwọn tí ẹ jọ ń kọ́ṣẹ́ àti ìyá onílé rẹ. Ìyàwó mi kí ọ, ó ní ẹsẹ̀ o, ẹsẹ̀ o.

Kílófàá ń wo ohun tí mò ń kọ láti ẹ̀yìn mi. Mo ti sọ fún un pé mẹ́jọ ni, pé mẹ́jọ náà ló ti ń jẹ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ó ní kí ló wá fà á tí mo fi ní kí òun kọ mẹ́wàá. Mo ti ń wá èsì rẹ̀ láti àárọ̀.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ tí ojú ń tì,
Káfíńtà.