Lápútọ́ọ̀pù Tí Mo Gbé Kọ́ Ìwọ̀n Kòkó

Ẹ̀bùnọlá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé Èkó ò le jù? Gbogbo wa ní Ìwàràjà ń kí ẹ, àlàáfíà la wà, àfi orúnkún mi tó ń yọ mí lẹ́nu. Olúwa tó ń ṣọ́ wa níbí á máa ṣọ́ ẹ lọ́hùn-ún. Awakọ̀ ni mo fi lẹ́tà yìí rán, torí lórí fóònù, káàdì á tán kí n tó délé ọ̀rọ̀.

Mo ti lọ sí Òṣogbo lọ ra lápútọ́ọ̀pù tí mo ṣèlérí. O ní mẹ́mọ́rì gíìgì mẹ́jọ ni tọwọ́ ẹ, pé tó o bá ṣí ibi tó o ti ń kọ áàpù, tó o tún ṣí fóònù tó ń gbé inú ẹ̀ (bí fóònù ṣe ń gbé inú lápútọ́ọ̀pù ṣì ń yà mí lẹ́nu), ṣe ló máa ń dákú, ọ̀gá ẹ sì ti ní bí áàpù yẹn ò bá parí lóṣù yìí, òun á gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. O ní kí n ra mẹ́rìndínlógún. Ni mo bá mú ìwọ̀n kòkó wa dání, mo forí lé Alékùwodò.

Mùyídéènì tó ń tà á gbé méjì síwájú mi, ó ní èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni mẹ́rìndínlógún, èyí tó nípọn ni mẹ́jọ. Mo gbé wọn kọ́ ìwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Háà! Mẹ́jọ tẹ̀wọ̀n ju mẹ́rìndínlógún! Mo ní ṣé ó rò pé òun lè rẹ́ àgbẹ̀ kòkó jẹ ni. Ó ń rojọ́ pé mẹ́mọ́rì kì í wúwo, mo ní ohun tí ò wúwo, kí ló wà nínú ẹ̀? Èyí tó wúwo ni mo rà. Ó ní tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí n dá a padà kí oṣù tó parí, òun á pààrọ̀ ẹ̀.

Ẹ̀bùn, ibẹ̀ ni ìyá ẹ ti sọ sí mi lọ́kàn. Nígbà tí Phebe wà láyé, tí àwọn tó ń ra kòkó bá dé, òun ló máa ń dúró ti ìwọ̀n, ìwọ lẹ́yìn ẹ̀, á pariwo iye tó jẹ́ kí gbogbo àdúgbò gbọ́, ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti rẹ́ wa jẹ! Nígbà tó o bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ìwọ náà á máa pariwo tẹ̀lé e, mẹ́ta lò ń pe gbogbo ẹ̀, a máa ń rẹ́rìn-ín títí omijé á fi jáde. Ayé yẹn dùn, ọmọ mi, àárò ẹ̀ ń sọ mí. Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, mo ṣáà ń bojú wẹ̀yìn bí ẹni pé ẹnìkan ń bọ̀ wá kà á fún mi.

Tíṣà Láńrewájú ti wá wo lápútọ́ọ̀pù náà, ó ní Mùyídéènì ló jàre. Mi ò gbà fún un lójú ẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀, torí iṣẹ́ ẹ ni. Wá, ká jọ lọ pààrọ̀ ẹ̀. Fi owó ọkọ̀ díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, nǹkan yìí ti gbọ́n àpò mi gbẹ. Tó o bá ní kí n dá lọ, màá dá lọ, mi ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má sọ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí a ti sin ìyá ẹ, o ò tíì sùn nílé yìí.

Ọ̀nà á là fún ẹ, wàá bá mi láyé.

Bàbá rẹ,
Akíndélé