Bótọ́ọ̀sì Orí Àǹtí Zuleide

                                        Ojúlé 48, Rua das Cajazeiras,
                                        Casa Amarela,
                                        Recife.
                                        14 oṣù Kẹjọ, 2023.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ìbídùnní,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́, nítorí n kò mọ ìgbà tí lẹ́tà yìí máa bá yín. Ara Bàbá ńkọ́? Ṣé orúnkún Màmá ti gbà kí wọ́n máa rìn dé ìta? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ara tèmi le, a dúpẹ́. Bírò pupa tí ẹ fi fa lẹ́tà mi tó kọjá ṣì ń ta mí lójú, àmọ́ mo ti gbà: túúlu ni n óò máa pe ẹ̀fọ́rí yẹn, n kò ní pè é ní "orí ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́kan" mọ́.

Ọ̀rọ̀ túúlu náà ni mo bá wá. Ẹ rántí Àǹtí Zuleide tí mo ń gbé nílé rẹ̀, tó ń fi bọ́ọ̀sì kékeré gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé. Gbogbo ọmọ inú bọ́ọ̀sì ló ń pè é ní àǹtí, èmi náà bá wọn pè é. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì, túúlu rẹ̀ dé lẹ́nu iṣẹ́, iná bẹ̀rẹ̀ sí í tàn yẹ̀rìyẹ̀rì lójú rẹ̀. Ó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó gbé orí lé sítíárìn, àwọn ọmọ sì ń kọrin lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá ọmọ kan tó ń jẹ́ Valquíria, aláàánú gidi, kó àwọn òbí yòókù jọ. Ó ní òun bá obìnrin onímọ́tò yẹn kẹ́dùn látọkàn wá, àmọ́ tó bá tún páàkì báyẹn, àwọn máa wá awakọ̀ mìíràn. Bọ́ọ̀sì yẹn nìkan sì ni Àǹtí fi ń jẹun.

Gbogbo oògùn tó ti lò kò ràn án. Dókítà Haroldo tó ń tọ́jú rẹ̀ ní ó ku bótọ́ọ̀sì. Májèlé ni o, ẹ̀gbọ́n mi, irú èyí tó máa ń wà nínú oúnjẹ agolo tó ti bàjẹ́. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ti inú agolo kò wọ́n. Abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tó lé ní ọgbọ̀n ni, láti iwájú orí dé èjìká, lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ réàlì lẹ́ẹ̀kan. Àǹtí béèrè pé ṣé yóò wo òun sàn. Dókítà ní rárá o, ó kàn ń dín ọjọ́ tí túúlu ń wá kù ni. Ó máa ń dín in kù sí ìdajì fún àwọn kan, kì í sì í ṣe nǹkan kan fún àwọn mìíràn. Àǹtí ní báwo lòun ṣe máa mọ èyí tí òun jẹ́ nínú méjèèjì.

Dókítà ní, "Ẹ máa mọ̀, màdáàmù, tí ẹ bá ti sanwó. Bóyá lẹ́ẹ̀mejì."

Ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera tó ti ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣooṣù láti ọjọ́ pípẹ́ kò fi èsì falẹ̀: bótọ́ọ̀sì tí àwọn ológe fi ń na ojú tó hunjọ ni wọ́n kà á sí, àwọn kì í sì í sanwó oge ṣíṣe. Wọ́n ṣáà kí i pé ó kú ìtọ́jú ara.

Ibi tó ti wá dùn nìyí. Lórílẹ̀-èdè yìí, bótọ́ọ̀sì náà ni wọ́n ń pe ìpara kan tí àwọn aṣerun fi ń mú irun dán, kò sì sí májèlé yẹn nínú rẹ̀ rárá. Dókítà ti sọ pé bótọ́ọ̀sì orí. Gilvanete, aṣerun ìkángun àdúgbò wa, sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: bótọ́ọ̀sì, ọgọ́rùn-ún réàlì. Àǹtí ní ṣé orí kọ́ ni Gilvanete náà ń fi í sí ni? Ó lọ. Òórùn ìpara yẹn nìkan ti tó láti gbé túúlu dìde. Ìsinmi kánífà, ọdún ijó ìgboro wọn, ló yọ ọ́, kò sí ọmọ tó ń lọ sílé ìwé. Ó dùbúlẹ̀ sínú yàrá òkùnkùn, àwọn onífèrè sì ń kọjá lábẹ́ fèrèsé, wọ́n ń bá a yọ̀. Mo gbé omi dídì wọlé fún un.

Ó ní, "Rérà, irun mi ńkọ́?"

Mo ní ó ń dán.

"Ó dáa. Tí ẹ bá ń sin mí, ẹ má bò mí lórí."

Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ gba abẹ́rẹ́ gidi. Níbí, orí káàdì ni wọ́n ti ń pín owó gbogbo nǹkan san, láti bàtà dórí pósí. Wọ́n pín ti abẹ́rẹ́ sí oṣù mẹ́wàá. Agbára abẹ́rẹ́ sì ń tán lóṣù mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò, ẹ bá wa ṣe é. Ti oṣù Kẹta kò ṣe ju pé ó jẹ́ kí ọrùn máa ro ó. Ti oṣù Kẹfà ló mú un. Túúlu tó ń wá bí alágbàṣe lójoojúmọ́ ti wá di àlejò ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kò sì tíì páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti ìgbà náà.

Àmọ́ iwájú orí rẹ̀ ti le gbagidi. Dídijú mágbárí ni Àǹtí fi ń ṣàkóso bọ́ọ̀sì yẹn tẹ́lẹ̀, kò sì ṣeé ṣe fún un mọ́. Ó ní kí ọmọ kan padà jókòó. Ọmọ náà wò ó títí, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ń bínú ni, àbí ẹ ń ronú?" Láti ọjọ́ náà, bọ́ọ̀sì ti di ọjà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá wọn gun bọ́ọ̀sì, ni Valquíria bá wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní kí Àǹtí fọkàn balẹ̀, kò sóbìí tó tún ń sọ̀rọ̀ awakọ̀ mìíràn. Kò béèrè pé orí ńkọ́. Ó wá fohùn sílẹ̀.

"Àǹtí mi, ojú yín ti di ti ọmọge. Kí lẹ ṣe sí i?"

Àǹtí ní bótọ́ọ̀sì ni. Ó ní eélòó. Àǹtí ní ọgọ́rùn-ún réàlì péré, lọ́dọ̀ Gilvanete; kó ṣáà ti ní bótọ́ọ̀sì lòun fẹ́, kó má wulẹ̀ ṣàlàyé, kó pa ojú dé, kó jẹ́ kí obìnrin náà ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, Valquíria mú ọmọ rẹ̀ wá. Irun Valquíria ń dán bíi páànù tuntun. Kò kí wa. Mo yíjú wo Àǹtí, kí n lè mọ̀ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Iwájú orí rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún mi.

Ẹ bá mi kí Bàbá àti Màmá, kí ẹ fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi. Tí ẹ bá máa fa bírò pupa sí èyí náà, ẹ fà á níwọ̀nba o. Ẹ ti rí iye tí wọ́n ń wo ẹ̀fọ́rí níbí.

Àbúrò yín tó ṣì ń kọ́ ọ lọ,
Fadérera