Ọwọ́ tó wà léjìká Bàbá

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àjò. Mo kí ìyàwó yín, mo kí àwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́. Ẹnu wọn ni kò sinmi. Òrùlé tó ń jò, a ti kàn án.

Táblẹ́ẹ̀tì tuntun tí ẹ fi ránṣẹ́ ká lè máa fi wo fọ́tò dé láyọ̀. Ẹ ṣé gan-an. Ojú rẹ̀ mọ́ ju ti méjì àkọ́kọ́ lọ fíìfíì, òun ló sì bí lẹ́tà yìí.

Ẹ rántí fọ́tò Bàbá nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, èyí tí mo yà lọ́sẹ̀ tí wọ́n kú. Lórí táblẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, òkùnkùn lásán ló wà lẹ́yìn wọn. Lórí èkejì, ó dà bí aṣọ tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri. Lórí tuntun yìí, ènìyàn ni. Ó gbọ́wọ́ lé Bàbá léjìká. Ojú rẹ̀ nìkan ni kò tíì hàn.

Èmi àti Bàbá nìkan la sì wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà.

Mo sáré fi í han Màmá. Wọn ò tiẹ̀ mira. Wọ́n ní, "Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó ra èyí tó tún mọ́ jù báyìí lọ, kí n lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó dúró ti ọkọ mi."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Àpá kan wà lẹ́yìn ọwọ́ yẹn, ó rí bí imú áyọ́ọ̀nù. Ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún yín, níbi tí áyọ́ọ̀nù Bàbá ti jó yín ní kékeré. Nígbà tí mo ya fọ́tò yẹn, ó ti pé ọdún mẹ́fà tí ẹ ti kúrò nílé.

Kí Olúwa máa ṣọ́ yín níbi tí ẹ wà, àti níbi tí ẹ bá tún wà.

Àbúrò yín.