Wáṣà Méjì Nínú Ihò Kan

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025

Tahir, Ọlọ́wọ́-Irin mi, ó pé àádóje ọjọ́ lónìí tí o fi mí sílẹ̀. Opó ti tán. Mo wọ ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ, mo fi okùn dè é nídìí, mo wá sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì wa lẹ́bàá bíríìjì Ṣàngó. Àbúrò rẹ ti ń dúró dè mí. Ọkọ Kékeré ni mo ṣì ń pè é — ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ. Ó ti nu gbogbo sípánà rẹ. Ó ní Òǹrorò tún ti ń jò.

Jẹnẹrétọ̀ iléeṣẹ́ ọ̀rá yẹn. Èyí tó pa ọ́.

Ó ní òun kàn ń dúró kí opó mi parí ni. Pé òun máa pa Jabez tó ń tan án, tó tan án lọ́jọ́ náà. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ lọ ra búrẹ́dì.

Ìṣẹ́gun, 7

Iléeṣẹ́ ọ̀rá ránṣẹ́ pè wá. Mi ò lọ.

Ọjọ́rú, 8

A lọ. Òǹrorò ń ké, ilẹ̀ ń mì, dísẹ́ẹ̀lì ń fọ́n jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́sù kẹta tó ń tu ú sínú ẹ́ńjìnnì, níbi tí o ti fi àtẹ́lẹwọ́ wá ibi tó ti ń jò lọ́jọ́ náà. O ní èèrà ló bù ọ́ jẹ. Ojú ihò tí dísẹ́ẹ̀lì lu sí ọ lọ́wọ́ kò tó ti abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, apá rẹ wú bí itan. Wọ́n là á láti ọwọ́ dé igunpá. Ohun tó tú jáde ń rùn bí dísẹ́ẹ̀lì.

Ọkọ Kékeré kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fa sípánà yọ, ó fi gbá Jabez lẹ́nu. Eyín méjì. Ó tún un gbá. Jabez ní, "Ìyá Àdìzát, ọ̀gá Tahir ló ní kí n tan án. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n." Ọkọ Kékeré ní, "Ọ̀dọ̀ òkú ni wàá ti lọ rojọ́." Òṣìṣẹ́ mẹ́rin ló di Ọkọ Kékeré mú.

Kí n má purọ́ fún ọ. Nígbà tí wọ́n dì í mú, èmi náà gbá Jabez létí. Ó dùn mọ́ mi.

Jímọ̀, 10

Èmi nìkan padà lọ lẹ́yìn ìrun. Jabez pa Òǹrorò fún mi. Ẹnu rẹ̀ wú. Mo tú páìpù, mo fa nọ́sù kẹta yọ. Wáṣà kan tẹ̀ lé e, òrùka bàbà tí kì í jẹ́ kó jò. Mo fi wáyà tọ ìsàlẹ̀ ihò.

Òmíràn wà níbẹ̀. Èyí àtijọ́, dúdú bí ihò náà fúnra rẹ̀. A ti gbé tuntun lé e lórí. Nọ́sù ga jù, páìpù kò jókòó dáadáa, ó ń jò.

Tahir. O bi mí lọ́jọ́ náà pé, "Ṣé ó ti yọ?" Mo ní, "Ó ti yọ." Nọ́sù tó wà lọ́wọ́ mi ni mo rò pé ò ń sọ. Wáṣà àtijọ́ lò ń bèèrè.

Jabez ní, "Kí lẹ rí?" Mo fi méjèèjì hàn án. Mo sọ ohun tí mo ṣe. Mo kúnlẹ̀ nínú dísẹ́ẹ̀lì, mo bẹ̀ ẹ́. Ó tutọ́ ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ dìde. Ta ló máa dè é?"

Wáṣà tuntun kan péré ni mo fi sí i. Ó tan án. Páálí ni mo nà síbẹ̀, kì í ṣe ọwọ́. Páálí gbẹ.

Àbámẹ́ta, 11

Mo gbé wáṣà méjèèjì sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ, mo sọ fún Ọkọ Kékeré. Ó wò wọ́n títí. Ó ní, "Ìwọ?" Ó gbé òòlù ńlá. Mi ò sá. Ó ti gbé e ga ju orí mi lọ kí n tó pe orúkọ rẹ̀ — Sirajudeen — ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rìndínlógún tí o ti gbé mi wọlé.

Òòlù balẹ̀ sórí tábìlì. Ó ń lù ú títí tó fi di igi ìdáná. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀, ó ní kí n tún un pè.

Àìkú, 12

Jabez wá. Òun àti Sirajudeen kan tábìlì mìíràn. Wọn kò bára wọn sọ ju "ìṣó" àti "dì í mú" lọ.

Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri: DÁRÚKỌ OHUN TÓ YỌ.

Ọlọ́wọ́-Irin, èmi ni, kì í ṣe Jabez. N ó máa ṣí ṣọ́ọ̀bù wa láràárọ̀.