Èwo Ni Kí Bùsọ́lá Mú?

Ìjẹ̀bú-Òde, Ọjọ́bọ̀

Bùsọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n Màámi, wá fi fóònù rẹ̀ hàn mí lónìí. Yunifásítì kan ní Lọ́ńdọ̀nù gbà á, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà náà gbà á, láti kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn. Èmi tí a jọ wà ní kíláàsì, tí mò ń ṣàlàyé ìtàn fún un, kò sí yunifásítì kankan tó gbà mí.

"Èwo ni kí n mú?"

Amẹ́ríkà ló yẹ ẹ́. Níbẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó tọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn wò ná kó tó yan ọ̀kan, ti Lọ́ńdọ̀nù ò rí bẹ́ẹ̀; ọkàn rẹ̀ kì í sì í dúró sójú kan. Ìlara ò jẹ́ kí n sọ ọ́.

"Mú Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún mẹ́ta péré ni."

Ó dì mọ́ mi. "Mo mọ̀ pé o ò ní tàn mí."

Àárọ̀ ọ̀la ló máa fèsì fún àwọn yunifásítì náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti tẹ nọ́ńbà rẹ̀, tí mo tún pa á.