Góòlù Bàbá Wa Ni: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Adélékè Mákánjúọlá (1952–2025)

Bọ́ọ̀lù tí Muhideen Àjàlá ní òun gbá wọlé lọ́dún 1970 ya àwọ̀n, ó fò kọjá odò Ògùn, ó pa ewúrẹ́ méjì, kò sì tíì balẹ̀ títí di òní olónìí. Ohun tó ti ń sọ kiri New York láti ogójì ọdún nìyẹn. Àwa ẹbí Mákánjúọlá fẹ́ kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn mọ̀ pé irọ́ ni. Bọ́ọ̀lù náà balẹ̀. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo ló pa. Bàbá wa ló sì gbá a. Inú ń bí wa, a ò ní fi pamọ́.

Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin ọdún 1952 ni wọ́n bí Olóògbé Adélékè Mákánjúọlá ní Lafẹ́nwá, Abẹ́òkúta. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá wọn. Ìyá wọn, Adétọ́lá, ń ta ọsàn fún àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin. Ọsàn ìyá wọn ni wọ́n fi kọ́ bọ́ọ̀lù. Ìyá wọn nà wọ́n títí, ọsàn ò yéé fò.

Lọ́dún 1966 wọ́n wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ́lẹ̀. Ogun abẹ́lé dé, ìdíje àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì dúró. Nígbà tí ogun parí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, ìdíje tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bàtà méje péré ni ẹgbẹ́ náà ní fún ènìyàn mọ́kànlá. Àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ló wọ̀ ọ́. Àwọn tó wà níwájú, títí kan Bàbá wa, fi báńdéèjì di àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Wọ́n pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́. Mẹ́fà sí òdo ni wọ́n fi nà wọ́n nínú ọ̀kan, alásè ilé-ìwé sì kọ̀ láti bu oúnjẹ fún wọn. Láti ọjọ́ yẹn lọ, wọn ò pàdánù mọ́.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá, wọ́n bá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Òkè-Ayọ̀ pàdé nínú àṣekágbá. Ó ku ìṣẹ́jú kan. Bàbá wa fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù náà láti àárín pápá. Òjò tó ti ṣú yí padà. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti ń tòògbé láti ọdún 1967 ta jí. Góòlù! Ọ̀kan sí òdo. Èékánná àtàǹpàkò náà ò hù dáadáa mọ́ títí wọ́n fi lọ. Àwa tí a fọ ẹsẹ̀ wọn ní ọsibítù rí i.

Wọ́n fẹ́ Màmá wa, Morẹ́nikẹ́, lọ́dún 1979. Lọ́dún 1991 wọ́n kó wá sí Stapleton ní New York níbí. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n fi tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn, tí wọ́n ń wẹ̀ wọ́n, tí wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ. Wọ́n ń kọrin nínú kúáyà ìjọ Áńgílíkà wa, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Ṣùgbọ́n Muhideen ti dé New York ṣáájú wọn, lọ́dún 1984. Kí Bàbá wa tó gbé àpótí kalẹ̀, góòlù wọn ti di ti ẹlòmíràn nínú Ẹgbẹ́ Àwọn Ọmọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Abẹ́òkúta. Ó ní Ìmọ́lẹ̀ ni òun náà lọ! Bàbá wa á kàn rẹ́rìn-ín: "Ẹ fi sílẹ̀ fún un. A jọ wà níbẹ̀ ni." Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ náà ra ife ẹ̀yẹ fún àwọn ọmọ wa tó ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n ní orúkọ ẹni tó gbá góòlù 1970 ni àwọn máa fín sí i lára. Orúkọ ta ni wọ́n mú? Muhideen! Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni Bàbá wa ti sọ fún Doyin, àkọ́bí wọn, pé, "Ì bá wù mí kí Ashley ọmọ-ọmọ mi ka orúkọ mi lára ife yẹn." Wọ́n fi ayé sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún yìí, ní ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin.

Wọ́n fi Màmá wa sílẹ̀ sáyé lọ, àti ọmọ mẹ́ta: Doyin, Rìnsọ́lá àti Olúwapẹ̀lúmi, àti ọmọ-ọmọ márùn-ún, Ashley ni àgbà wọn.

Ibí ló yẹ kí ìwé yìí parí sí. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló jẹ́ ká tún un tẹ̀. Níbi ìsìn ẹ̀yẹ nílé wa, a gbé máìkì fún àwọn ẹlẹgbẹ́ Bàbá, bí a ti máa ń ṣe, kí kálukú jẹ́rìí wọn. Muhideen gbà á, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù ara rẹ̀. Ewúrẹ́ ti di mẹ́rin. Àgbà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tán lára wa. Màmá wa dìde, wọ́n mú fótò àṣekágbá náà tí Doyin rí nínú Bíbélì Bàbá, wọ́n kọjú sí Muhideen. Àwọn afọ́tò ìgbà náà máa ń fi yíǹkì funfun kọ orúkọ sí ìsàlẹ̀.

"Bàbá Afeez, ẹ jọ̀ọ́, ta ni kípà Òkè-Ayọ̀ tó dì mọ́ òpó yìí, tí bọ́ọ̀lù ń wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?"

"Ẹni tó jọ mí ni, Ìyá Doyin."

"Ṣé orúkọ náà jọ yín ni? M. Àjàlá ni wọ́n kọ síbí."

Alága ẹgbẹ́ gba fótò náà, ó wò ó, ó bú jáde: "Àjàlá! Ṣé ìwọ ni wọ́n gbá a wọlé fún? Ẹ lọ fín Mákánjúọlá sára ife yẹn kíá!"

Muhideen ní òun fẹ́ yọjú wo mọ́tò òun níta. Kò ní mọ́tò. Kí a tó dé ẹnu ọ̀nà, fìlà rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ẹni tó fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé ti gbé ọ̀pá léjìká, ó ń sáré lọ sí èbúté St. George. Ọkọ̀ ojú omi ibẹ̀ kì í gba owó, kò sí ẹni tó dá a dúró.

Ashley yóò ka orúkọ yín, Bàbá Doyin. Ẹ sinmi dáadáa. Kípà ti sá kúrò lẹ́nu àwọ̀n.