Ọjọ́ Tí Jíìpù Wa Kọ̀ Láti Dúró

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le, pé iṣẹ́ ń lọ déédéé, àti pé ikọ́ tó ń yọ àbíkẹ́yìn rẹ lẹ́nu ti fi í sílẹ̀ pátápátá. Bí o bá béèrè wa, a wà láyé, ọwọ́ pé, ẹsẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, àyà mi ṣì ń já. Fara balẹ̀ kà á. Má pe bàbá rẹ kí o tó kà á tán.

O mọ jíìpù àtijọ́ tí bàbá rẹ fi ń kó pákó. Láti ìgbà tí o ti relé ọkọ, èmi ni mo di dókítà rẹ̀. Mo ti fi rọ́bà tuntun sí etí ilẹ̀kùn, òjò kò wọlé mọ́. Ọwọ́ mi ni mo fi rán àga iwájú. Sáńpépà iṣẹ́ káfíńtà bàbá rẹ ni mo fi ha gbogbo ibi tó ti dógùn-ún, mo sì kùn ún lọ́dà dúdú. Wáyà họ́ọ̀nù tó já, èmi ni mo so ó. Owó tí mẹkáníìkì ìbá gbà, àpò mi ló wà. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó kàwé ẹ́ńjìnnì.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ bá wa tún bíréèkì ṣe. Mẹkáníìkì ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilé ẹ̀kọ́. “Pẹ̀lẹ́” ló máa ń kọ́kọ́ sọ, ìbáà ṣe fún ènìyàn, ìbáà ṣe fún ọkọ̀. Ó kìlọ̀ pé bí omi inú ike bíréèkì bá lọ sílẹ̀, kí a wá ra èyí tó bá a mu. Nígbà tó yá, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo rí i pé ó ti lọ sílẹ̀ díẹ̀. Mo wo ẹ́ńjìn ọ́ìlì tó ṣẹ́kù nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ní, ṣé gbogbo wọn kì í ṣe ohun tó ń yọ̀ ni? Kí ni mo fẹ́ tún ra òmíràn sí? Mo bù ú, mo dà á kún ike náà, mo de ìdérí. N kò tilẹ̀ rò ó mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni ojú wa rí nǹkan. A kó pákó láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú, a ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Bàbá rẹ tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ lọ bí ẹni tó tẹ tìmùtìmù. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ kò mọ̀ pé ẹnìkan ń bá òun wí. Mo rí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nísàlẹ̀ tí wọ́n fẹ́ sọdá! Mo na ọwọ́ gba iwájú bàbá rẹ, mo tẹ họ́ọ̀nù, n kò gbé ọwọ́ kúrò. Wọ́n fọ́n ká bí ẹyẹ. Bàbá rẹ ṣẹ́rí ọkọ̀ wọ òkìtì iyanrìn tí àwọn bíríkìlà kó sílẹ̀, a sì dúró gbàgà. Pákó kan gba àárín orí àwa méjèèjì kọjá, ó bá gíláàsì iwájú jáde.

Ẹ̀rù mi di ìbínú. Mo já wálẹ̀, mo kọjú sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́, mo figbe ta: “Apànìyàn! Ṣé bí wọ́n ṣe ń tún bíréèkì ṣe nìyí? Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò lọ́wọ́ ọkùnrin yìí o!” Lójú mi báyìí, onípíkọ́ọ̀pù kan àti olùkọ́ kan gbé ọkọ̀ wọn lọ. Ọkọ̀ méjì yẹn nìkan ni iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá,” ni ó wí. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti ìka bọ inú ike, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tú rọ́bà kékeré kan jáde láti inú bíréèkì: ó ti wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi. “Ẹ́ńjìn ọ́ìlì nìyí. Ó máa ń ba rọ́bà bíréèkì jẹ́. Ta ló dà á síbí?”

Ọmọ mi, gbogbo ojú ń wò wá. Ẹnu tí mo fi ń pariwo kọ̀, kò ṣí. Bàbá rẹ gbọn iyanrìn kúrò lára aṣọ, ó ní, “Èmi ni.”

Bàbá rẹ! Ẹni tí kì í purọ́ fún agbowó-orí! Ẹnìkan pariwo láàárín èrò pé, “Káfíńtà, ìṣó ni kí ẹ máa kàn o!” Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà tí a délé, mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, “Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń gbọ́ ẹnu rẹ yẹn. N kò rí i kí ó pa dé rí. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí ju ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ.” N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n sunkún.

Lọ́jọ́ kejì mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá. Kò sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀ àfi jíìpù wa. Àwọn tó gbé ọkọ̀ wọn lọ kò dúró gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ jókòó sórí táyà, ó ń nu sípánà tó ti mọ́. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ má bínú. Èmi ni mo dà á.”

Ó ní, “Mo mọ̀, Màmá. Bàbá ò mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lóṣù tó kọjá ó ní kí n bá òun ṣí i; ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń fà.”

Mo fọwọ́ bo ẹnu. “Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ ọ́?”

“Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹ̀bi ìyàwó rẹ̀, ta ni mo jẹ́ tí n óò gbà á lórí rẹ̀? Àmọ́ ìyàwó tèmi bi mí láàárọ̀ yìí pé ṣé ká máa palẹ̀ ẹrù mọ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi dé egungun. Mo bọ́ sí ojúkan tí mo dúró sí lánàá, mo figbe ta ju tàná lọ: “Èmi ni mo da ẹ́ńjìn ọ́ìlì sí bíréèkì o! Ọkùnrin yìí kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀! Ìwà ahun ló mú mi!” Ẹnu ya àwọn ènìyàn débi pé kò sẹ́ni tó rántí rẹ́rìn-ín. Nígbà tó máa fi di ọ̀túnla, onípíkọ́ọ̀pù ti padà. Gbogbo rọ́bà bíréèkì jíìpù wa ni wọ́n ń pààrọ̀, pẹ̀lú gíláàsì. Má bi mí ní iye rẹ̀.

Mo rò pé bàbá rẹ yóò bínú pé mo já irọ́ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́, ó kàn tẹ̀lé mi dé ṣọ́ọ̀bù, ó dúró níwájú jíìpù, ó ní, “Ó dáa. Fi ibi tí wọ́n ti ń ṣí i hàn mí, kí irọ́ mi lè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.”

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín tẹ òfo. Kí ó fún ọ ní ẹni tí yóò dúró tì ọ́ lọ́jọ́ tí ẹnu rẹ bá kọ̀. Kí àwọn ọmọ rẹ sọdá ọ̀nà láyọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
tí ara rẹ̀ kò tíì balẹ̀.

Àfikún: Olùkọ́ yẹn kò tíì gbé ọkọ̀ rẹ̀ padà fún Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́. Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́ nílé lẹ́ẹ̀mejì, kò ṣílẹ̀kùn. Mo tún ń lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bàbá rẹ fẹ́ bá mi lọ, mo ní kí ó jókòó sílé, torí bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, ó lè tún sọ pé òun ni.